Ẹ kó gbogbo ayálégbé jọ

Mo ka àbá kan nínú ìròyìn, pé kí àwọn olùkọ́ máa wọ ojúlé dé ojúlé láti kọ́ ìdílé bí wọ́n ṣe lè ṣọ́ iná mọ̀nàmọ́ná lò, kí wọ́n sì ṣọ́ owó ná. Mo fara mọ́ ọn gidigidi. Látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ti di dandan kí kálukú mọ ohun tó ń jẹ iná nílé rẹ̀. Irin 1,000 watt tí a ń kì bọ omi ìwẹ̀ ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan péré. Gílóòbù LED 10 watt yóò tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ iye yẹn. Ta ló ń ṣàlàyé èyí fún ìyá tó ń ta ẹja inú fíríìsà ní Sábó?

Ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Ilé oníyàrá púpọ̀ ló pọ̀ níbí, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé sì jọ ń lò. Bí ìdílé kan bá ń pa iná, tí ará yàrá kejì ń fi sítóòfù oníná se ẹ̀wà láti àárọ̀, iye kan náà ni wọn yóò dá. Ẹni tó ń ṣọ́ iná ló ń sanwó fún ẹni tí kò bìkítà, ìjà ló sì ń dà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra káàdì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo ilé jọ kí ẹ tó kọ́ wọn, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nípa mítà kékeré fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì fi Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀.