Òòfà Ilẹ̀ Ò Tán Lókè Lọ́hùn-ún

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹnì kan fi dọkumẹ́ńtárì kan lórí ISS, ibùdó òfuurufú tí àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀, ránṣẹ́, ó ní kí gbogbo òbí fi han ọmọ wọn. Ìyẹn dáa, fíìmù gidi ni. Ló bá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń léfòó! Òòfà ilẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ náà máa ń sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà, irọ́ náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àárín gbùngbùn ayé la ti ń wọn bí òòfà, ìyẹn agbára tí ayé fi ń fa nǹkan wálẹ̀, ṣe ń dín kù, kì í ṣe orí ilẹ̀ tá a dúró lé. Láti àárín náà dé orí ilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,371. ISS wà ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sókè, àpapọ̀ rẹ̀ di 6,771. Ẹ pín 6,371 sí ọ̀nà 6,771, kí ẹ wá fi èsì yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 0.885. Ìyẹn ni pé nínú òòfà 100 tó wà nílẹ̀ níbí, ó lé ní 88 tó wà lọ́hùn-ún. Ká ní èèyàn lè kọ́ ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó wọn kílò 70 wá gun òṣùwọ̀n lórí òrùlé rẹ̀, nǹkan bí 62 lòṣùwọ̀n máa fi hàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nílẹ̀ digbí.

Kí ló wá ń mú wọn léfòó? Wọ́n ń já bọ́ ni. Ibùdó náà ń já bọ́, èèyàn inú rẹ̀ ń já bọ́, ṣíbí àti omi tí wọ́n fẹ́ mu ń já bọ́, bákan náà ni eré gbogbo wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ibùdó ń já bọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀, kí ni ẹsẹ̀ yẹn fẹ́ tẹ̀?

Ẹ óò ní, tí wọ́n bá ń já bọ́, kí ló dé tí wọn ò tíì balẹ̀? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. ISS ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ ní kìlómítà 7.66 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, òòfà á fà á wálẹ̀ ní mítà 4.3. Àmọ́ ayé rí roboto: téèyàn bá rin kìlómítà 7.66 gbọọrọ lórí ipa ọ̀nà yẹn láìtẹ̀, ayé á ti rọ̀ sísàlẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní mítà 4.3. Iye kan náà ni. Ó ń já, ilẹ̀ ń yẹ̀ fún un, títí tó fi yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 92. Ká ní kò sí òòfà, á gba ọ̀nà tààrà lọ, a ò sì ní rí i mọ́.

Ẹni tó bá lọ sókè láìní eré yẹn, ẹ wo bó ṣe rí. Ní May 5, 1961, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé Alan Shepard, ará Amẹ́ríkà, dé kìlómítà 187. Ó wà láìní ìwúwo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó tó di ìṣẹ́jú 16 látìgbà tó gbéra, ó ti wà nínú òkun Àtìláńtíìkì. Kí ló fà á wálẹ̀?

Bàálù náà ń ṣe é. NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní bàálù kan nígbà kan tó máa ń gòkè, tó sì máa ń já wálẹ̀ bí òkúta téèyàn jù. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ máa ń léfòó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 25, láìkúrò níbi tí bàálù ń fò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń léfòó nínú fíìmù Apollo 13 ti ọdún 1995.

Àwọn kan á ní torí pé kò sí afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń fa nǹkan wálẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá, síbẹ̀ nígbà tí David Scott, ọ̀kan lára àwọn tó bá ọkọ̀ Apollo 15 lọ sí òṣùpá, ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1971, méjèèjì balẹ̀ pọ̀. Ó tán.

Mo gbà pé béèyàn bá ṣe ń jìnnà sí ayé ni òòfà rẹ̀ ń dín kù. Àmọ́ 400 kìlómítà? Láti Èkó dé Kánò ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Òṣùpá tó wà ní 384,400 kìlómítà gan-an, òòfà ayé ló dì í mú.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó wá ike omi 75cl. Kó fi ìṣó tó gbóná lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí ìdí, kó fẹ̀ tó bíi mìlímítà márùn-ún. Kó fi ìka dí i, kó rọ omi kún un, kó má sì dé ọmọrí rẹ̀. Tó bá dé e, omi lè dúró láìjẹ́ pé ike ń já, ìdánwò náà á sì parọ́ fún un. Kó dúró sí báńkóní òkè, kó yọ ìka, omi á máa tú jáde. Kó wá jọ̀wọ́ ike náà láìyí i. Láti ibi mítà mẹ́ta, kò ní pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi máa balẹ̀, nítorí náà kí ẹlòmíì fi fóònù ká a ní slow motion láti ìsàlẹ̀, kí ògiri tó dúdú wà lẹ́yìn ike. Ẹ óò rí i pé omi dáwọ́ dúró bó ṣe kúrò lọ́wọ́, torí pé ike àti omi jọ ń já bọ́ ni, bíi ti ISS àti èèyàn inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó dúró nílẹ̀, kó jù ú sókè díẹ̀: bó ti ń lọ sókè gan-an, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀, omi ò ní tú jáde.