Lámúrúdu kò jọba ní Mẹ́kà rí

Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹni tó di gbohùngbohùn mú bá fẹ́ mú orí àwọn mọ̀lẹ́bí wú, Mẹ́kà ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Á ní Lámúrúdu jọba níbẹ̀, Odùduwà ni àrẹ̀mọ rẹ̀. Wọ́n sọ mọ́ṣáláṣí ńlá di ilé òrìṣà, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa bàbá, ọmọ sá títí ó fi dé Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn náà dùn létí. Kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìwé tí wọ́n sábà máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni ìtàn àwọn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹ ṣí i wò. Lẹ́yìn tí Johnson ròyìn ohun tí wọ́n sọ fún un tán, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé Yorùbá kì í ṣe ìran Lárúbáwá, pé wọn ò lè ti Mẹ́kà wá, àti pé àwọn òpìtàn Lárúbáwá kò ní irú rẹ̀ lákọsílẹ̀. (Íjíbítì àti Núbíà tí òun fi rọ́pò rẹ̀ kò ní ẹ̀rí gúnmọ́ kankan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ìtàn náà gan-an ló tú àṣírí ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Johnson, agbẹ́gilére kan nílùú Lámúrúdu, Àsárà, bí Bùráímọ̀. Ọmọ yìí kórìíra òrìṣà bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin ìlú lọ sígbó ọdẹ, ó fi àáké wó àwọn ère, ó wá fi àáké kọ́ èyí tó tóbi jù lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní kí wọ́n lọ bi ère ńlá yẹn léèrè. Wọ́n ní kí wọ́n sun ún níná. Ọmọ ilé kéú wo ní Àjàṣẹ́ ni kò mọ èyí? Ànábì Ibrahim ni, Súrà Al-Anbiyá! Àsárà ni Azar bàbá rẹ̀, Lámúrúdu sì ni Námúrúdù (Nimrod), ọba tí àwọn áfáà máa ń dárúkọ nínú wàásù. Ẹnì kan ló so Odùduwà mọ́ ìdí rẹ̀.

Ọdún rẹ̀ náà kò bára mu. Ọdún 630 ni Ànábì Muhammad kó òrìṣà kúrò nínú Kaaba, nítorí náà mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń wí kò lè ṣáájú ìgbà yẹn. Ibrahim sì ti ṣáájú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí àwọn Karimátì, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ọlọ̀tẹ̀ kan, ya wọ Mẹ́kà ní 930, tí wọ́n jí Òkúta Dúdú ara Kaaba gbé lọ, gbogbo ayé Mùsùlùmí ló gbọ́. Ṣé ọba kan á wá kó òrìṣà padà síbẹ̀, kí akọ̀wé kankan má rí i kọ?

Sultan Muhammad Bello ti Sókótó ló kọ ọ́ ní nǹkan bí 1812 pé Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ìran Námúrúdù. Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, mú lára ìwé náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1826, ibẹ̀ ni Johnson ti fà á yọ. Àwa nìkan kọ́ ni wọ́n pín irú rẹ̀ fún. Hausa ní Bàyájídà wọn ti Bàgídádì wá. Àwọn Bàrùbá, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Ṣábẹ, ní Kisra wọn sá kúrò ní Mẹ́kà nítorí pé ó kọ ẹ̀sìn Ànábì. Ta ló wá ṣẹ́kù sí Arébíà?

Èdè wa pàápàá, ìbátan Igálà àti Itsekiri ni, kò bá Lárúbáwá tan.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni àwọn áfáà tó ń fi ìtàn yìí yangàn. Nínú rẹ̀, abọ̀rìṣà tí wọ́n lé kúrò nílùú mímọ́ ni baba wa!

Èyí tí àwọn àgbà Kétu ń sọ kò ní Mẹ́kà nínú. Ifẹ̀ ni Ṣópàṣan, aṣáájú wọn, ti gbéra, wọ́n gba Òkè-Ọ̀yán, wọ́n tẹ̀dó sí Aró, kí ọba wọn kan tó ń jẹ́ Ẹdẹ tó kó wọn dé Kétu. Johnson tún kọ bí wọ́n ṣe pín ogún Odùduwà: Alákétu gba adé, Oníṣábẹ gba màlúù, Ọ̀ràngún gba àwọn ìyàwó, kò sì ku nǹkan kan fún Ọ̀rányàn àfi ilẹ̀. Àtẹnudẹ́nu ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu olóhùn ìgbéyàwó kankan.