Ta Ló Sọ Pé Ọmọ Ọwọ́ Ò Mọ Nǹkan Kan?

Bí abiyamọ bá ń gba ìtọ́jú nítorí ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ, tí tẹ́rápísìtì (ẹni tó ń fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tọ́jú èèyàn) wá ní kó máa gbé ọmọ rẹ̀ dání wá, àwọn ará ilé á ní àbí orí ẹni yẹn ò pé ni. Kí ni ọmọ oṣù 3 fẹ́ sọ níbẹ̀? Ṣebí kó ṣáà ti yó, kó rí oorun sùn. Iṣẹ́ títọ́jú ìyá àti ọmọ pọ̀ lèmi náà ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣàjèjì sí mi mọ́. Irọ́ ni ṣá pé ọmọ ọwọ́ ò mọ nǹkan kan.

Lọ́dún 1978, Edward Tronick, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́ wa. Wọ́n ní kí ìyá jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, kó bá a ṣeré bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, kó kàn máa wò ó, kó má rẹ́rìn-ín, kó má sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ dá gbagidi bí ojú ère. Ọmọ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá ò dáhùn. Ọmọ á tún gbìyànjú, á na ọwọ́, á dún díẹ̀. Nígbà tó bá rí i pé pàbó ló ń já sí, á gbójú kúrò, ara rẹ̀ á rọ̀ sórí àga, á yọjú wo ìyá rẹ̀ fìrí, á tún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn míì á bú sẹ́kún. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan, kí ló wá ń wá lójú ìyá rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ dá ìyá lẹ́bi. Àwọn kan á wo fídíò irú ìwádìí yìí tán, wọ́n á ní ìyá tó ní ìsoríkọ́ ti ba ọmọ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Tronick kan náà ló fi hàn pé láàárín ìyá àti ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá pàápàá, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àkókò tí wọ́n fi ń ṣeré ni ìṣe wọn ń bára mu. Ìyókù, wọ́n ń ṣi ara wọn gbọ́ ni, wọ́n sì tún ń padà gbọ́ra yé. Ìpadà yẹn lọmọ ń kọ́. Ìyá tó rẹ̀, tí ò tètè gbọ́ igbe, kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí ìsoríkọ́ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ìpadà yẹn pẹ́, kó sì ṣọ̀wọ́n.

Ìdí rèé tí a fi ń tọ́jú àwọn méjèèjì pọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970, Selma Fraiberg, tẹ́rápísìtì kan, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ bá àwọn ìyá nínú ilé wọn. Nínú àkọsílẹ̀ wọn ti ọdún 1975, ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń ké kíkankíkan lójú rẹ̀ tí ò sì gbé e. Ẹlòmíì ì bá bú u. Àwọn bi ara wọn pé kí ló dé tí ìyá yìí ò gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí ní kékeré, nígbà tí kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe tirẹ̀. Bó ṣe ń sunkún tó ń rí ẹni tẹ́tí sí i, bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ mọ́ra.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ wa máa ń ya fídíò ìyá níbi tó ti ń bá ọmọ ṣeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A ó jọ wò ó, a ó dá a dúró síbi tí ọmọ ti wojú rẹ̀ tó sì dá a lóhùn. (A kì í fi wá àṣìṣe, èyí tó ṣe dáadáa là ń wá.) Ìyá tó ti ń sọ pé ọmọ òun ò fẹ́ràn òun á fojú ara rẹ̀ rí i pé òun gan-an lọmọ ń wá.

Kì í ṣe gbogbo omijé ló nílò tẹ́rápísìtì o. Ẹkún òjijì tó máa ń bá abiyamọ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ sábà máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè 10 péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù Edinburgh tí wọ́n ń lò láti 1987 láti fi yẹ abiyamọ wò bóyá ó ní ìsoríkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 abiyamọ ni àìsàn ọpọlọ, pàápàá ìsoríkọ́, ń bá jà. Gbígbé ọmọ wá ò sì gba ipò oògùn tí dókítà bá kọ fún ìyá. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dọ̀la ni ti ìyá tó ń sọ pé òun á pa ara òun tàbí ọmọ, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́: ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.