Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí ìfábẹ̀lá bá jalè, a kì í gé ọmọńdinrín.

Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn níbi ìkómọ kan ní Houston, nígbà tí mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé àwọn fi ìbò oṣù kọkànlá ọdún 2024 kọ́ Mike Miles, ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ìwé ìjọba Houston, lọ́gbọ́n. Ìkómọ ni o! Ọmọ tuntun wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, àwọn àgbà ilé sì ń fi ìbò tí kò jẹ́ kí wọ́n tún ilé-ìwé ọmọ kọ́ yangàn. Ó dùn mí wọra, mi ò sì ní fi bò.

Mo mọ ohun tó bí ìbínú náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn ará Houston dìbò yàn láti máa bójú tó ilé-ìwé wọn, ó fi àwọn tiẹ̀ rọ́pò wọn, ó sì gbé Miles wá ṣe ọ̀gá àgbà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kó ẹrù wọn lọ. Wọ́n ti yàrá ìkàwé pa ní àwọn ilé-ìwé kan. Òbí tí inú kò bí sí èyí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọ̀gá tuntun yìí wá béèrè pé kí ará ìlú fún àwọn láṣẹ láti yá bílíọ̀nù 4.4 dọ́là, irú owó yíyá tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹdì, iye tí àjọ ilé-ìwé kankan ní Texas kò tíì béèrè rí: kí wọ́n wó ilé tó ti gbó kí wọ́n tún un kọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n yọ òjé kúrò nínú omi tí ọmọ ń mu. Ariwo tó gba ìlú ni pé bí kò bá sí ìfọkàntán, kò sí bọ́ǹdì. Nínú èèyàn 100 tó dìbò, bí i 58 ló ní rárá.

Kí ló wá ṣe Miles? Kò sóhun tó ṣe é. Ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ náà fún un ní àdéhùn iṣẹ́ tuntun, owó rẹ̀ sì lọ sókè. Ìjọba Texas kò kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó wà nínú kíláàsì tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kú nínú ooru oṣù kẹjọ ni ẹ gé ní ìka. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ rèé: òfin Texas kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó bọ́ǹdì san owó oṣù. Ilé ni wọ́n ń fi kọ́, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi rà, wọ́n á sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó orí ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gá á wá, ọ̀gá á lọ. Ọmọ tí kò tíì bí ọmọ lónìí ni ọmọ rẹ̀ ì bá jókòó nínú ilé náà.

Ẹlòmíràn ní ohun tí òun rí lórí ìwé ìdìbò ló dẹ́rù ba òun. Lóòótọ́, láti ọdún 2019 ni òfin ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ìdìbò bọ́ǹdì ilé-ìwé pé owó orí ilé yóò pọ̀ sí i, kódà bí àjọ náà bá ní ìpín tí òun ń gbà nínú iye ilé kò ní yí padà. Ẹni tó ń san owó orí ilé ní Houston mọ̀ pé kì í ṣe ohun eré, mi ò dá a lẹ́bi pé ó bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè jókòó ṣírò owó aṣọ ẹbí dé orí gèlè, ṣé kò lè béèrè ìtumọ̀ gbólóhùn kan kó tó dìbò?

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ló wá sọ èyí tó burú jù. Ó ní òun ò lọ́mọ nílé-ìwé mọ́, ewo ni tòun? Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ àdúgbò tí ẹ kò fún ní ilé-ìwé gidi, àdúgbò yín náà ni yóò dàgbà sí. Ẹ ti lé ní ọdún 65. Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọdún 65, tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ náà, owó orí ilé-ìwé rẹ̀ kì í ga jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, àfi tó bá kọ́ yàrá kún ilé. Owó tí ẹ ń ṣọ́, kò ní kúrò lápò yín!

Bàbá yìí kan náà, ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, owó orí àwọn àgbẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kùn sí owó náà. Ó wà lára ohun tó mú kí Ọlọ́pẹ pàdánù ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 lágbègbè wa. Síbẹ̀ wọ́n san án, àti ẹni tó bímọ àti ẹni tí kò bí, àti ẹni tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Orí owó wọn ni bàbá wa gùn dé Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹlòmíràn wá fẹ́ gun tiẹ̀, ó yọ àkàbà.

Ẹ̀yin ará mi ní Houston, ó tó gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá tún gbé bọ́ǹdì wá, ẹ má kàn fàmì sí orúkọ ààrẹ nìkan kí ẹ sì máa sáré lọ síbi iṣẹ́, ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá fọkàn tán àwọn tí yóò ná owó náà, ẹ lọ sí ìpàdé wọn, kí ẹ ní dandan ni kí ará ìlú wà nínú àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì máa lọ títí wọn ó fi gbà. Bí inú bá sì ń bí yín sí Miles, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba Texas tó yàn án wà ní Austin, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ fi ìbò lé àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kúrò. Ẹ yé fi ọmọ ọlọ́mọ gbẹ̀san.