Ẹ Jẹ́ Kí Á Dáwó Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Kí Á Tó Dáwó Ọ̀dà

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ka lẹ́tà kan sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa pé ìgbìmọ̀ ìjọ ti pinnu láti ṣe ayẹyẹ ńlá kan tí a ó fi kó owó jọ fún àtúnṣe ilé ìjọsìn wa, èyí tí àwọn baba ńlá wa fi amọ̀ mọ, tí ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí mi. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe, ọ̀dà tuntun ló ṣáájú, táìsì tẹ̀ lé e, àga onítìmùtìmù àti ẹ̀rọ amúlétutù sì kẹ́yìn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ òrùlé. Lójú tèmi, omi ni ó ń pa ilé náà, owó tí a bá sì kọ́kọ́ rí, omi ni kí á fi lé lọ.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo bá bíríkìlà àgbàlagbà kan rìn yí ilé náà ká. Ó fi èèkù irin tó fi ń rẹ́ ilé kan ògiri díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lọ. Ibi tó dára ń dún ki, ibi tó ti bàjẹ́ ń dún bí akèrègbè òfìfo. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó wà lápá ibi tí àwọn akọrin ń jókòó, ó fi ẹnu irin náà tọ́ símẹ́ǹtì díẹ̀, odindi abala kan sì ṣí kúrò lára ògiri bí èèpo búrẹ́dì. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù rinrin. Mo fi ìka kàn án, ìka náà wọlé. Bàbá náà wò mí, wọ́n ní, "Símẹ́ǹtì kọ́ ni ẹgbẹ́ amọ̀, ọmọ mi."

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi kò ṣòro. Ògiri amọ̀ máa ń mu omi díẹ̀ nígbà òjò, bí oòrùn bá sì ràn, omi náà a gbẹ jáde. Símẹ́ǹtì le, kì í sì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀. Bí omi òrùlé bá wá gba ojú ibi tó sán wọlé, tí ti inú ilẹ̀ náà ń gòkè láti ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn símẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀ ń há sí, tí ògiri ń rọ̀ láti inú nígbà tí ìta ṣì ń dán gbinrin. Ikán pàápàá fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rẹ́ ògiri náà ní símẹ́ǹtì rò pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà sí agbo ilé alámọ̀ ní Ọjàaba tàbí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn níbí mọ̀ pé àwọn àgbà kì í gé òrùlé mọ́ ògiri. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ó yọ síta dáadáa kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa ta sí ẹsẹ̀ ilé. Nígbà tí a pààrọ̀ páànù ìjọsí, a gé etí rẹ̀ kúrú, a kò sì dá gọ́tà tó ti jẹra padà.

Àwọn kan ní kí á kúkú wó o, kí á kọ́ èyí tó tóbi. Èmi kò gbà kí á wó o. Ilẹ̀ ìjọ ṣì fẹ̀ lẹ́yìn; bí wọ́n bá fẹ́ èyí tó tóbi, kí wọ́n kọ́ tuntun síbẹ̀.

Ní ti bí a ó ṣe rí owó náà, ó yẹ kí á rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọdún 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àti ẹrù láti òkè òkun kò sì rí ọ̀nà wọlé dáadáa fún ọdún mélòó kan. Ìjọ kò torí ìyẹn kú. Nígbà tí tọkọtaya náà sì fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Daniel Olúbi, ọmọ Yorùbá, ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí orí wọn ti funfun nínú wa kò ní gbàgbé owó kíláàsì: oníkálukú ní kíláàsì tirẹ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní olórí, a sì ń sàmì sí ohun tí ènìyàn san nínú káàdì rẹ̀. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í dá.

Ẹ wá fi èyí wé ọjọ́ ìkówójọ tí a ṣe gbẹ̀yìn. A ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a gba kánópì, a se ìrẹsì, alága àti àwọn èèkàn ìlú dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́, ìlù sì ń dún. Ẹ̀jẹ́ náà pọ̀ ju owó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ ẹ ti ṣaláìsí, ẹ̀jẹ́ wọn ṣì wà nínú ìwé wa títí di òní, n kò sì mọ káfíńtà tí yóò gba ẹ̀jẹ́ kó fi ra páànù. N kò sọ pé kí á má ṣe ayẹyẹ o. Ìbàdàn ni a wà, a kì í ṣe ohun ńlá láìlu ìlù. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí káàdì ṣáájú ìlù, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba iṣẹ́ kan pàtó tí ó mọ iye rẹ̀: kí àwọn kan gba igi àjà, kí àwọn kan gba páànù, kí àwọn mìíràn gba gọ́tà àti ojú àgbàrá tí yóò gbé omi jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí á ṣí símẹ́ǹtì tó ti bó, kí á fi amọ̀ dí ojú rẹ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko, tòun ti ọyẹ́, kọjá lórí rẹ̀ kí ọ̀dà tó kàn án.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ti le. Ẹni tó ra àga, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àga; ẹni tó ra ilẹ̀kùn, òkúta mábù ń dúró dè é. Ta ni yóò kọ orúkọ sára gọ́tà? Nítorí náà, kí á ní ìwé ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà, tí orúkọ gbogbo ẹni tó san owó yóò wà nínú rẹ̀, kí á sì máa lẹ rìsíìtì gbogbo ohun tí a bá rà mọ́ pátákó ìkéde. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun kò láwun, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bùrọ̀dá, èwo ni wọ́n fi ti ìjọsí ṣe?" N kò tíì rí èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn fún wọn.

Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó ní ọjọ́ Sátidé. Mo ti bẹ bàbá bíríkìlà kí wọ́n bá mi wá, kí wọ́n sì mú irin wọn dání. Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, kí ó tẹ́tí sí ògiri.