Ẹni Tó Kun Aṣọ Náà Ní Orúkọ

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kó aṣọ èèpo igi àwọn Mbuti, ẹ̀yà kan tó ń gbé inú igbó ní Kóńgò, jọ, wọ́n gbé e kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ yóò bá orúkọ ẹ̀yà níbẹ̀, kò ní bá orúkọ ènìyàn. Lójú tiwa, ìwà yìí kò tọ́.

Nínú igbó Ituri, ní àríwá ìlà-oòrùn Kóńgò, ọkùnrin ló ń bó èèpo inú lára igi bí ọ̀pọ̀tọ́, tí yóò fi òòlù lù ú títí yóò fi fẹ̀, tí yóò sì rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Oje èso igi kan tí wọ́n ń pè ní gardenia, tí wọ́n pò mọ́ èédú, ni dúdú rẹ̀, osùn ni pupa, ìka ọwọ́ tàbí igi tín-ín-rín ni wọ́n sì fi ń kùn ún. Ìlà a máa lọ geerege, a sì já lójijì. Àmì tó-tò-tó bíi ti ara ẹkùn a yọ ní igun kan, igun kejì a sì ṣófo. Àwọn kan ti pe òfìfo yìí ní àìmọ̀ọ́ṣe, bí ẹni pé ọwọ́ tó fa ìlà wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tó yẹ kí òun ti dáwọ́ dúró!

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á ní orúkọ ti sọnù. Yorùbá mọ irú àwáwí yìí. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi àfihàn Wembley ní London láìkọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ẹ sí i. Ọlọ́wẹ̀ kú lọ́dún 1938, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí lọ́dún 1988. Àwọn ará ilé kò gbàgbé. Àwọn àjèjì ni kò béèrè.

Lọ́dún 2022, ìjọba Kóńgò ṣe òfin láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀yà bíi Mbuti. Kí wọ́n lò ó: aṣọ tí yóò bá jáde ní Ituri, kí orúkọ obìnrin tó kùn ún àti iye tí wọ́n san fún un bá a jáde. Ní ti àwọn aṣọ àtijọ́, kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ibẹ̀, bí ogun tó ń jà lágbègbè náà bá ti lè gbà wọ́n láyè. Oníṣòwò tí kò bá lè sọ ẹni tó kun aṣọ tuntun tó ń pàtẹ, kí wọ́n má ṣe rà á lọ́wọ́ rẹ̀.