Kápúsù nìkan ò lè gba epo ẹja là

Ẹ̀yin tí ẹ kọ pé "bí epo ẹja bá ti wọ inú kápúsù, afẹ́fẹ́ ò lè rí i mọ́" yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Jẹ́látìn tí wọ́n fi ṣe èèpo kápúsù ń dí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, tó ń ba epo jẹ́, lọ́nà dáadáa bó bá gbẹ. Bó bá ti fa ọ̀rinrin, ọ́síjìn á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń pa ni wọ́n to tiwọn sí, ìgò tó mọ́ gaara sì ni! Mo fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan nílé, mo tọ́ ọ lá. Ó korò, ó ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé.

Ẹni tó ní fítámì E tí wọ́n pò mọ́ ọn ti tó, fítámì yẹn ló ń fara gbá a dípò epo, ó sì máa ń tán. Bí epo bá ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó dé e mọ́nú kápúsù ńkọ́? Àwọn tó fi adùn ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù, torí imú ò ní lè dá a mọ̀. GOED, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe epo ómẹ́gà-3, ní òṣùwọ̀n ìbàjẹ́ tí wọ́n ń pè ní TOTOX ò gbọ́dọ̀ ju 26 lọ. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sára ìgò ká rí i?